Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: bí kọ̀ǹpútà tuntun bá kọ̀ tí kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ìnáwó kọ̀ǹpútà tuntun o. Ìpè tó máa ń wọlé sọ́dọ̀ wa jù lẹ́yìn tí a bá to kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì tán ni, "Ẹ̀rọ tí ẹ tò yẹn kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì." Kí a tó débẹ̀, ẹnìkan á ti bá iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn jà lórí fóònù, ẹlòmíràn á sì ti fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ihò yẹn. Ká pa ráútà ká sì tún un tàn kì í ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ ihò yẹn ń nu gbogbo ètò inú rẹ̀ ni: orúkọ Wi-Fi, password, àti ohun tí ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló máa wá dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá tiẹ̀ ń lọ. Bó bá ń lọ, ẹ fi ráútà sílẹ̀, ẹ má sì pe iléeṣẹ́ kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara kọ̀ǹpútà yín tàbí wáyà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ojú ihò tí wáyà wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà: iná kékeré kan yẹ kó máa ṣẹ́jú níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fa wáyà yọ kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró rẹ̀. Ahọ́n ike tó wà lórí wáyà yẹn tètè ń kán nígbà tí wọ́n bá ń sún tábìlì. Bó bá ti kán, ẹ ó rò pé wáyà wọlé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ó ti yọ díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ọ́fíìsì ló dédé dákẹ́, ẹ béèrè ẹni tó tún ibi iṣẹ́ ṣe. Ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ti rí orí wáyà kan nílẹ̀, kó sì kì í bọ ihò tó ṣófo lára switch, àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń wọ̀, láìmọ̀ pé inú switch yẹn náà ni orí kejì wà. Ìsọfúnni á wá máa yí po síbẹ̀, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dúró. Ẹ yọ orí kan, ó parí.

Iná ń ṣẹ́jú, síbẹ̀ kò lọ? Ẹ tẹ àmì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan á ṣí. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀, kí ẹ wo iwájú IPv4 Address, ìyẹn àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, 192.168 tàbí 10 ni nọ́ńbà yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀, ráútà ló ń pín in. Bí ẹ bá rí 169.254, kọ̀ǹpútà béèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Kò lè fi ìyẹn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ipconfig /renew kó lè tún béèrè àdírẹ́sì. Bí kò bá yí padà, tí wáyà sì dára, ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ ráútà ti tán. Ó wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí fóònù òṣìṣẹ́ àti ti àlejò sì jọ wà lórí Wi-Fi kan. Ráútà tí wọ́n ní kó pín àdírẹ́sì 50, ìta ni ẹ̀rọ kọkànléláàádọ́ta máa dúró sí. A lè fi kún un, kò le rárá.

Bí àdírẹ́sì bá dára, ẹ kọ ping 8.8.8.8, láti wò bóyá kọ̀ǹpútà Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á dáhùn. Bí èsì bá ń padà wá, àmọ́ tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kankan kò ṣí, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DNS ni kò ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ orúkọ ojúlé di nọ́ńbà. Láìsí i, kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó wọ ìlú tí kò rẹ́ni júwe ọ̀nà fún un. Èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún wa.

Ẹ wo déètì náà o. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ nínú páálí lè máa ka ọdún tó ti kọjá, ọ̀pọ̀ ojúlé á sì máa kìlọ̀ pé kò sí ààbò, torí ìwé ẹ̀rí ààbò wọn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fáìlì ọ́fíìsì nìkan ni ẹ kò rí, ó ṣeé ṣe kí Windows ti ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sí Public, ìyẹn ti ìta gbangba. Ẹ yí i sí Private, ìyẹn ti ibi tí ẹ fọkàn tán, àmọ́ ní ọ́fíìsì nìkan.

Bí gbogbo èyí kò bá tán an, ẹ ya fọ́tò ohun tí ipconfig kọ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ bóyá ẹnìkan ni tàbí gbogbo yín, àti ohun tí wọ́n sún nípò lọ́jọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí fóònù la ti máa ń yanjú ẹ̀.