Lẹ́tà sí Adéwálé lórí kantíkantí àti àrùn Alzheimer

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Oṣù Èbìbí, ọdún 2025.

Adéwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, ẹ kú àjò o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O gbọ́ pé kantíkantí ni a fi ń wádìí àrùn Alzheimer, àrùn tó ń ba ọpọlọ àti iyè àgbàlagbà jẹ́, ní yàrá ìwádìí wa, o sì béèrè bóyá ẹ̀fẹ̀ ni, nítorí o kò rí ohun tó pa kòkòrò tó ń rá bàbà lórí máńgòrò rírà pọ̀ mọ́ Màmá rẹ tí kò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ wọn mọ́. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

Ọdún 1906 ni dókítà ará Jámánì náà, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tó ti tọ́jú rí, lẹ́yìn tí obìnrin náà kú: ìdọ̀tí tó dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì amyloid-beta ló wà nínú ti àkọ́kọ́, tau ló sì wà nínú èkejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kò lè la ọpọlọ alààyè wò, àrùn náà sì ti máa ń wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ní ti kantíkantí, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ti inú ẹyin di àgbà bí ooru bá wà ní 25°C, oṣù méjì sí mẹ́ta sì ni gbogbo ayé rẹ̀, nítorí náà a ń rí èwe àti ogbó rẹ̀ kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tó parí. Nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 àwọn jíìnì tí a mọ̀ pé wọ́n ń fa àìsàn ọmọ ènìyàn ló sì ní irú wọn lára rẹ̀.

Àgbàdo lílọ̀, ṣúgà, ìwúkàrà àti agar tó ń mú kí ó dì ni oúnjẹ wọn, nínú ìgò kékeré tí a fi òwú dí lẹ́nu. Kòkòrò yìí kò ní amyloid-beta irú tiwa, nítorí náà a máa ń fi jíìnì ènìyàn sí i lára, ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andrea Brand àti Norbert Perrimon, gbé jáde ní 1993 ló sì jẹ́ kí a lè yan ibi tí jíìnì náà yóò ti ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ojú nìkan tàbí ọpọlọ. Lẹ́yìn náà, a ó rọra gbá ìdí ìgò mọ́ tábìlì kí gbogbo wọn lè já sísàlẹ̀: èyí tí ara rẹ̀ dá yóò gun ìgò padà lójú ẹsẹ̀, èyí tí ọpọlọ rẹ̀ ń bàjẹ́ yóò máa pòòyì nísàlẹ̀. A tún lè jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn nǹkan méjì, kí iná mànàmáná díẹ̀ sì ta wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gbóòórùn ọ̀kan. Èyí tí ara rẹ̀ dá yóò máa sá fún òórùn náà, aláìsàn yóò tún rìn tọ̀ ọ́ lọ. (Ẹni tó bá rò pé kantíkantí kò ní iyè kò tíì lé e kúrò lórí ẹmu rí.)

Ìwádìí tó wú mi lórí jù ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001. Wọ́n fi tau ènìyàn sínú kantíkantí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kòkòrò náà kò sì pẹ́ láyé, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ ọ̀hún wò, wọn kò rí fọ́nrán lílọ́pọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí pé òun ni apànìyàn kò sí níbi ìkú! Èyí ló jẹ́ kí a máa béèrè bóyá tau tí kò tíì lọ́ pọ̀ gan-an ló ń ṣe ìkà náà.

N kò ní tàn ọ́ jẹ. Nǹkan bí 140,000 neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri, ló wà nínú ọpọlọ kantíkantí, tiwa sì tó bílíọ̀nù 86. Oògùn tó mú kòkòrò lára dá lè má ṣe nǹkan kan fún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílé níbí. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún. Jíìnì APOE4 tó ń fi kún ewu rẹ̀ níbòmíràn kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára tiwa. Kí ló fà á? Ibẹ̀ gan-an ni èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n ná owó sí jù.

Nípa Màmá, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ rẹ pé òun ní àgbo tí yóò lé àrùn náà lọ, kí àwọn ẹbí sì yéé sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé àgbà ni Alzheimer: àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid tó wà lọ́rùn, àti àwọn oògùn kan lè fa irú rẹ̀, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. N ó mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, kọ orúkọ gbogbo oògùn tí o ń fi ránṣẹ́ sí wọn, àti ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, kí o sì tètè fi ránṣẹ́ sí mi kí dókítà lè rí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Kọ́láwọlé.