Àjàní, ẹsẹ̀ bàtà mélòó?

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi fọ́tò náà hàn mí. Ó ní o sọ pé kí òun má jẹ́ kí n rí i. Kí ló dé? Bàálù kékeré oníjòkòó méjì, ìrù rẹ̀ rí bíi lẹ́tà T, ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo dá bàálù náà mọ̀. Tomahawk tí ilé-iṣẹ́ Piper ṣe ni, wọ́n sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ láti 1982. Ó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Mo bi ọ́ léèrè lórí fóònù, ìwọ ń sọ ti òjò fún mi: tí ìwọ àti olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní bàálù wíwà bá ń ṣe stall, ìyẹn kí ìyẹ́ má lè gbé bàálù dúró mọ́, ẹsẹ̀ bàtà mélòó lẹ máa ń wà lókè ilẹ̀?

Ara ìyá rẹ yá, orúnkún nìkan ló ń dùn ún, kì í ṣe ẹnu. Àbúrò rẹ yege.

Má rò pé àhesọ ni mo gbọ́ tí mo fi ń pariwo. Mo kà á. Kí Piper tó ṣe bàálù yìí, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ irú èyí tí wọ́n fẹ́. Àwọn olùkọ́ ní àwọn ò fẹ́ èyí tó máa ń dá yọ ara rẹ̀ nínú spin, ìyẹn kí bàálù tó ti stall máa yí bírí já wálẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe kó tó lè yọ. Ohun tí wọ́n béèrè náà ni wọ́n rí gbà. Nígbà tó yá, FAA, àwọn tó ń ṣàkóso bàálù ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ ní 1983 pé kí wọ́n fi àfikún irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú ìyẹ́ rẹ̀ kí stall rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ìyẹn ò parí ẹjọ́. Àwọn ẹnjiníà sọ fún NTSB, àwọn tó ń wádìí jàǹbá ní Amẹ́ríkà, pé ìyẹ́ tó dé ọjà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, pé wọ́n ti dín egungun inú rẹ̀ kù, ó wá ń rọ̀ jù. Ní 1997, NTSB ní kí FAA tún un dán wò. Wọ́n ṣírò pé jàǹbá stall àti spin rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ti Cessna 150 àti 152, bàálù oníjòkòó méjì bíi tirẹ̀. AOPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ni bàálù àtàwọn tó ń wà á, náà ṣe ìṣirò tiwọn: jàǹbá rẹ̀ lápapọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti Cessna, àmọ́ tó bá ti di ti spin, tirẹ̀ ló ń pa èèyàn jù. Síbẹ̀, wọn ò gba ìwé àṣẹ fífò bàálù náà títí dòní.

Ta ló wá jàre? Èmi ò mọ̀ ọ́n dá. Mi ò sì ní kí o má wà á. Spin tó yí lẹ́ẹ̀kan péré lè gbé yín wálẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà lọ kí ẹ tó yọ. Lọ́dọ̀ FAA, nínú ìdánwò, ó tó kí ẹ ti yọ nínú stall kí ẹ tó wálẹ̀ dé 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀. Ti ìdánwò nìyẹn. Èmi fẹ́ kí ẹ wà lókè ju ìyẹn lọ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mélòó lẹ máa ń wà, Àjàní?

Mo mọ ìdí tí o kò fi dáhùn. O ò tíì bi olùkọ́ rẹ ni. Èmi ló fà á. Nígbà tí o wà ní kékeré, tíṣà yín ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, o ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fà ọ́ padà lọ síwájú rẹ̀, mo ní kí o tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe ìṣirò náà nílé, mo ti rí i pé ìwọ lo gbà á. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí o bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni sà” fún gbogbo ẹni tó bá jù ọ́ lọ, èmi náà sì ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ mi kì í jiyàn.

Máa jiyàn. Tí olùkọ́ bá ní kí ẹ ṣe stall, tí ilẹ̀ sì sún mọ́ jù lójú rẹ, sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gòkè sí i.” Tó bá bínú, kó bínú. Kí o tó wọlé sínú bàálù náà, fi ọwọ́ kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ìyẹ́ yẹn. Béèrè wákàtí tó ti fò, torí 11,000 wákàtí ni òpin ìyẹ́ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ́ra láti fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn ọ́, òpònú ni ọ́ tí o bá tún gun un lọ́jọ́ náà.

Má bínú sí òpònú tí mo pè ọ́. N ò sùn dáadáa.

Ìyá rẹ ń béèrè bóyá owó tó fi ránṣẹ́ ti dé. Dá a lóhùn. Kí o sì kọ gíga náà ránṣẹ́ sí mi, nọ́ńbà nìkan ti tó.

Bàbá rẹ