Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ nípa Eratosthenes

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n àwọn Gíríìkì àtijọ́, Socrates àti Plato ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ. Ó dùn mí pé a kì í sábà gbọ́ nípa Eratosthenes, ọmọ Cyrene ní ilẹ̀ Líbíà, tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé ńlá Alexandria ní Íjíbítì.

Ọkùnrin yìí gbọ́ pé ní Syene, tí à ń pè ní Aswan lónìí, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tàn dé ìsàlẹ̀ kànga lọ́jọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún. Ní Alexandria, òpó tó dúró ṣánṣán ṣì ní òjìji lọ́jọ́ náà. Ó wọn igun òjìji ọ̀hún, ó jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 50 òbìrìkìtì kan. Èyí fi hàn án pé ọ̀nà láti ìlú kan sí èkejì jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 50 àyíká ayé. Ó wá sọ ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ìyẹn 5,000 stadia (òṣùwọ̀n tí àwọn Gíríìkì fi ń wọn ọ̀nà), di ìlọ́po 50, ó sì rí bí ayé ṣe tóbi tó yíká. Kò jìnnà sí òótọ́ rárá, ní nǹkan bí 2,200 ọdún sẹ́yìn!

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ́sàn-án, kí àwọn náà fi ọ̀pá wọn òjìji.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn