Ẹ Bá Wa Wá Ọkọ̀ Sí Adámásingbà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Èmi ò gbà pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè nìkan ló dùn ún wò. Láti ìgbà tí 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, ti gba ife CAF lọ́dún 1992 ni mo ti ń tẹ̀ lé wọn. Tí góòlù bá wọlé ní pápá ìṣeré Adámásingbà, tí ìlù sọ, ẹni tí ò mọra rí á dì mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló sú mi. Bí fèrè ìparí bá ti dún báyìí, àwọn onímíkírà, ìyẹn àwọn onítakisí kékeré, ní Mọ́kọ́lá á ti sọ owó ọkọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀ di ìlọ́po méjì. "Ìyá, ẹ wọlé àbí kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn!" Ẹ̀yin ni wọ́n á fún mọ́ iwájú, ẹ̀yin àti ẹlòmíì, kí jíà máa gún yín lórúnkún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń dìde ní ìṣẹ́jú 80. (Góòlù tó dùn jù, ẹ̀yìn wa ló máa ń wọlé!)

Kí ìjọba ṣètò bọ́ọ̀sì ńlá mélòó kan sẹ́nu géètì lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù: Ọ̀jọ́ọ̀, Ìwó Road, Challenge. A ò ní kí wọ́n gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́ o. A máa sanwó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn