Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Akọni Inú Ìwé àti Akọni Ìwáṣẹ̀

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní olùkọ́ yín fẹ́ kí ẹ kọ àròkọ lórí ìtàn ìwáṣẹ̀, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ ti to Odysseus àti Jason inú ìtàn àwọn Gíríìkì, Galahad ọmọ ogun Ọba Arthur, Don Quixote inú ìwé Cervantes àti Frodo inú ìwé Tolkien pọ̀ sójú kan gẹ́gẹ́ bí akọni ìwáṣẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni ó kúrò nílé lọ wá nǹkan, tí ojú wọn sì rí màbo lọ́nà. O ní ọkàn rẹ kò gbà á, ṣùgbọ́n o kò mọ bí o ṣe máa sọ ọ́. Ọkàn rẹ kò tàn ọ́ jẹ. Èmi gan-an ni mo sì dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí, nítorí ẹnu kan náà ni mo fi ń pa gbogbo ìtàn wọ̀nyí fún ọ ní alaalẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré, n kò sì sọ fún ọ rí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìrìn àjò tí wọ́n jọ rìn ni ó ń ṣi ọ̀rẹ́ rẹ lọ́nà. Ní ọdún 1949, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Campbell, ṣàlàyé pé akọni inú ìtàn oríṣiríṣi ẹ̀yà a máa fi ilé sílẹ̀, a bọ́ sínú ìdánwò, a sì padà wá pẹ̀lú ohun tí yóò ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀ láǹfààní. Àkíyèsí náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí yàrá rẹ̀ láti hun ìtàn lónìí lè tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni méjì lè wọ irú aṣọ kan náà kí wọ́n má jẹ́ ọmọ bàbá kan.

Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè nípa akọni kọ̀ọ̀kan ni pé, bí a bá mú òǹkọ̀wé rẹ̀ kúrò, ǹjẹ́ yóò ṣẹ́ kù? Ìtàn ìwáṣẹ̀ jẹ́ èyí tí odidi àwùjọ gbà ní òtítọ́ nípa bí ayé, àwọn òrìṣà àti ìran wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kàn bá a lẹ́nu wọn ni. Akéwì Gíríìkì kan, Apollonius ará Rhodes, kọ ewì gígùn nípa ìrìn àjò Jason ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ṣùgbọ́n nínú Odyssey, ewì nípa Odysseus tí ó ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó bí Apollonius, wọ́n ti dárúkọ Argo, ọkọ̀ tí Jason wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Apollonius kọ́ ni ó kan ọkọ̀ náà. Ti Odysseus tún wá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú ihò kan létí òkun ní erékùṣù Ithaca, ìlú Odysseus, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ohun amọ̀ tí ẹnìkan kọ ẹ̀jẹ́ sí Odysseus sí lára. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Don Quixote.

Ọ̀rọ̀ Don Quixote yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò. Cervantes, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, gbé apá kìn-ín-ní ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1605. Ní 1614, ẹnìkan tí ó fi orúkọ Avellaneda bojú gbé ayédèrú apá kejì jáde. Inú bí Cervantes gidigidi, débi pé nígbà tí ó tẹ ojúlówó jáde ní 1615, ó fi ayédèrú náà ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ìtàn fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kí Don Quixote kú ní ìparí kí ẹlòmíràn má baà tún rí i gbé lọ. Ṣé o rí i pé Don Quixote jẹ́ ohun tí a lè jí? Ṣùgbọ́n Sophocles, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì àtijọ́, fi Odysseus ṣe aláàánú nínú eré kan, ó fi í ṣe ẹlẹ́tàn nínú òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní olè, nítorí pé kò sí ẹnìkan pàtó tí ó ni ín, tí yóò wá gba nǹkan rẹ̀. (Ó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àìsàn Don Quixote gan-an ni pé ó ka ìwé àròsọ títí ó fi gbà pé gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.)

Frodo, tí ìtàn rẹ̀ jáde láàárín 1954 sí 1955, kò nira. Tolkien fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé nígbà kan rí, òun ní i lọ́kàn láti dá àkójọ ìtàn àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn mìíràn sì wá fi ọwọ́ tiwọn kún un. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Bákan náà ni Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938: àwọn irúnmọlẹ̀ inú igbó náà ti wà nínú ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó wọ inú igbó náà lọ, ọmọ Fágúnwà ni. Galahad ń bẹ láàárín méjì, nítorí pé orúkọ Arthur ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n inú ìwé èdè Faransé ọ̀rúndún kẹtàlá ni Galahad fúnra rẹ̀ ti jáde.

Nígbà tí o bá ń kọ àròkọ rẹ, má ṣe lo “ìtàn ìwáṣẹ̀” bí oyè tí o ń fi akọni kan jẹ, má sì lò ó bí ẹni tí ó ń sọ pé irọ́ ni. Don Quixote kò kéré sí Jason nítorí pé a mọ ẹni tí ó bí i. Má sì ṣe bá ọ̀rẹ́ rẹ jà. Bi í léèrè Aeneas ni. Orúkọ Aeneas, akọni ará Troy, ti wà nínú Iliad, ewì Gíríìkì àtijọ́, Virgil, akéwì ará Róòmù, sì wá kọ ewì tirẹ̀ nípa rẹ̀ nígbà ìjọba Augustus, olú-ọba Róòmù tí ìdílé rẹ̀ ń sọ pé ìran Aeneas ni àwọn. Èmi fúnra mi ti gbé e síhìn-ín, mo ti gbé e sọ́hùn-ún. Fi ojú ewé tí o bá ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo fẹ́ rí ibi tí ìwọ gbé e sí.

Èmi ni ìyá rẹ.