Ìkéde: Àjọ̀dún Ọdún Kan Ìgbéyàwó Akọ̀wé Wa ní Patan, Nepal
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó péjọ sí ilé akọ̀wé wa, ọmọ ẹ̀yà Newar, àti ọkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì, ní Patan, láti bá wọn yọ̀ fún ọdún kan ìgbéyàwó wọn. Ẹ ó rántí bí ọwọ́ ọkọ ṣe ń gbọ̀n nígbà tó ń fi sindoor, àtíkè pupa nì, sí àárín irun ìyàwó, tí díẹ̀ sì dà sí i nímú! Ìyá ìyàwó yóò gbé sagun, oúnjẹ ìbùkún àwọn Newar, fún wọn: ẹyin, ẹja, ẹran àti ọtí aila. Kí olúkúlùkù gbé oúnjẹ ìlú rẹ̀ wá, àfi ẹran màlúù, nítorí òfin Nepal kò gba kí a pa màlúù.