Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ṣe wọ́dà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó rẹ pè mí lálẹ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, má bá a jà. Ó ní o kì í bọ́ bàtà kí o tó sùn mọ́, pé bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, o ti fò dìde, pé o ń jáde lóru lọ fa àgádágodo géètì wò, ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo mọ̀ ọ́n. Lóru October 22, 2021, tí àwọn agbébọn fọ́ ògiri ẹ̀wọ̀n Abolongo l'Ọ́yọ̀ọ́, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 sì sá lọ, ibòmíì ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti òru yẹn ni gbogbo ariwo ti di ìbọn létí mi.

Síbẹ̀, èyí tó wúwo jù fún mi ni ìbéèrè àwọn tí ẹjọ́ wọn ò tíì parí, àwọn náà ló sì pọ̀ jù lẹ́wọ̀n wa. “Ọ̀gá, ìgbà wo ni wọ́n máa pè mí ní kóòtù?” Wọ́n á bi ọ́ láàárọ̀, wọ́n á tún bi ọ́ nírọ̀lẹ́ bí o bá ń ka orí wọn. O ò mọ̀. Wàá gbé e délé, ọmọ rẹ á béèrè bisikíìtì, wàá jágbe mọ́ ọn.

Ẹnì kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tó sọ fún wa pé òun ò rí oorun sùn mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, “Àró” la ń pè é, orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Bó bá ti yọ, ẹnì kan á ní, “Àró ti dé o!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi fiṣẹ́ sílẹ̀; ọtí ló ń bá sọ ọ́. Ibi tí Dókítà Lámbò ti fi àwọn aláìsàn sáàárín ará abúlé kí wọ́n lè máa gbé bí èèyàn la sọ di èébú. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe panu mọ́ nígbà tó kàn mí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti January 2023, wọn ò sì gbọdọ̀ torí àìsàn yìí fi ẹ̀tọ́ rẹ dù ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rín ni òfin ò lè dá dúró.

Mo gba káàdì ní Àró lọ́dún tó kọjá. Inú Bíbélì Màmá wa ni mo fi í pamọ́ sí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ọjọ́bọ̀ ni o ò ní lọ síbi iṣẹ́. Màá gbé mọ́tò dé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Má wọ yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.